Láti Akọkà sí ilẹ̀ yìnyín: bí a ṣe lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD láti jọ ṣèwádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Akọkà, ní Yábàá, ní Ọ̀jọ́, àti níbikíbi tí ẹ ti ń bójú tó àwọn tó ń gba oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni bí èèyàn ṣe lè kó akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jọ ṣèwádìí gidi lórí bí ilẹ̀ yìnyín àríwá àti ti gúúsù ayé ṣe ń yí padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ti fojú kan yìnyín rí, àfi ti inú fíríìjì.

Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ní bọ́ọ̀dù ẹ̀ka ni pé, "Kí ló kan Èkó nínú yìnyín Greenland?" Ẹ má wulẹ̀ bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn pé yìnyín tó wà lórí Greenland, erékùṣù ńlá tó wà ní àríwá ayé, tóbi débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bó bá ti ń yọ́, agbára tó fi ń fa omi ń dín kù, omi tó ti kó jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ á tú ká. Òkun tó wà nítòsí Greenland á wá lọ sílẹ̀, ti ọ̀nà jíjìn, títí kan tiwa níbí, á sì gòkè ju ìpíndọ́gba gbogbo ayé lọ díẹ̀. Ará Greenland tí yìnyín ń yọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kọ́ ni omi náà ń bọ̀ wá bá, àwa ni. Mi ò tíì rí bọ́ọ̀dù tó gbọ́ èyí tí kò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ìbéèrè kí ẹ tó wá akẹ́kọ̀ọ́

Àṣà wa ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á gba àyè wọlé tán, á wá máa wá tópíìkì kiri bí ẹni ń wá ilé yá. Fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ yí i po. Ìbéèrè ni kó kọ́kọ́ wà ńlẹ̀, òun ló máa sọ irú èèyàn tẹ́ ẹ nílò. "Ipa tí ìyípadà ojú ọjọ́ ń ní lórí Nàìjíríà" kì í ṣe ìbéèrè. Àkọlé ìpàdé ni.

Bí mo ṣe ń dán ìbéèrè wò rèé: mo máa ń yọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan kúrò nínú rẹ̀. Bí ìbéèrè náà bá ṣì dúró digbí, a jẹ́ pé orúkọ lásán la fi kó àwọn èèyàn yẹn jọ. Bó bá wó, ìyẹn la fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹja Títù. Kò sí ilé tí wọn kì í ti í jẹ ẹ́ ní Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń wá láti ìhà àríwá Òkun Àtìláńtíìkì. Kó tó di nǹkan bí ọdún 2007, ẹja yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú omi Iceland. Láti ìgbà náà ló ti ń ya lọ síbẹ̀ nígbà ooru, ó tiẹ̀ dé omi Greenland. Àwọn onímọ̀ ẹja ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tó fà á: omi tó ń móoru ni, oúnjẹ tí ẹja ń wá kiri ni, àbí ẹja náà ló pọ̀ débi tí àyè kò gbà á mọ́? Iceland àti Faroe ní ẹja tó bá ti wọ omi àwọn, tàwọn ni. Nọ́wè àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò fẹnu kò lórí iye tí kálukú máa pa, àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn ń pa wá ń kọjá iye tí ICES, àjọ onímọ̀ òkun tó wà ní Copenhagen láti ọdún 1902, ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2019, Marine Stewardship Council, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí pé wọn kò pa ẹja ní àpajù, dá ìwé ẹ̀rí ẹja náà dúró.

Ó dáa, ẹ yọ onímọ̀ òfin kúrò. Ta ló máa ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó mọ iye tó yẹ kí wọ́n pa fi ń pa ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ dá a padà, kí ẹ yọ onímọ̀ ọrọ̀ ajé: ìtàn náà á dúró sí èbúté Iceland, kò ní dé Ìjọrà. Ẹ yọ onímọ̀ òkun: ẹ kò ní mọ̀ bóyá omi ló móoru lóòótọ́. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn: nínú ohun tó ń mú kí owó Títù máa lọ sókè sódò ní Èkó, mélòó la lè kà sí ọrùn òkun tó ń móoru, mélòó la máa kà sí ọrùn ìjà òfin, mélòó ni ti owó dọ́là?

Mo ń tẹnu mọ́ "mélòó" yẹn torí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ yín tó mọ bí a ṣe ń pín ẹ̀bi láàárín àwọn ohun tó fa nǹkan, tí kì í kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀kan ṣoṣo lórí, ti kẹ́kọ̀ọ́ yanjú, bí kò tiẹ̀ dé Àkítíìkì, ilẹ̀ yìnyín àríwá, títí ayé.

Páńlá gbígbẹ, tí àwọn ọmọ Ìgbò ń pè ní okporoko, náà tó ìbéèrè. Ẹja cod ni, inú Òkun Barents ló ń gbé, ó sì máa ń wá yé ẹyin ní Lofoten ní Nọ́wè. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í kọ́ sórí igi láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, kí atẹ́gùn tútù lè gbẹ ẹ́ láìsí iyọ̀. Bí òtútù bá le jù, ẹran rẹ̀ á fọ́; bí ooru bá tètè dé, eṣinṣin á bà á. Ẹ rí i pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ táwa ń fi ààrò ṣe. Ìbéèrè kẹta ni ti omi òkun tó ń gòkè ní etíkun wa, màá padà sórí ìyẹn torí òun ló nira jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan èèyàn, kí ẹ sì tètè kọ ìwé

Èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Bí wọ́n bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjì á máa ṣiṣẹ́, àwọn tó kù á máa ya fọ́tò. Ẹ mú ẹnì kan tó mọ físíìsì tàbí ìmọ̀ ilẹ̀, ẹnì kan tó mọ ohun abẹ̀mí inú omi, ẹnì kan tó ń fi àwòrán sátẹ́láìtì yàwòrán ilẹ̀, onímọ̀ òfin kan, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, àti ẹnì kan tó mọ bí a ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi lanu. Máàkì kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé méjì láti inú iṣẹ́ ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó kà á, kí ó wá bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹni tó bá ní "èyí kì í ṣe fíìdì mi" tó sì gbé e padà lé tábìlì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ.

Kálukú gbọ́dọ̀ gba oyè rẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ibí yìí ni irú ètò báyìí ti sábà máa ń túká: akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe ọdún mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, ẹ̀ka rẹ̀ á wá ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe òfin, kì í ṣe jiọ́gíráfì, àwọn ò mọ ohun tó jẹ́. Torí náà, kí sáà àkọ́kọ́ tó parí, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: orí wo nínú iṣẹ́ náà ló máa jẹ́ ti ẹ̀ka yẹn pọ́ńbélé, ta ni sùpáfáísọ̀ kejì láti ìta, irú èèyàn wo ni a máa pè wá dán an wò. Kí HOD, olórí ẹ̀ka, fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà, torí HOD ń yí padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ̀kọ́ àjọkọ́, tí kò gbọdọ̀ kọjá sáà kan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ife gíláàsì méjì. Nínú ife kìíní, ẹ bu omi, kí ẹ ju yìnyín sí i, kó léfòó. Nínú ìkejì, ẹ gbé òkúta kan tó yọrí sókè omi síbẹ̀, kí ẹ sì gbé yìnyín lé òkúta lórí. Ẹ fi téèpù funfun lẹ ara ife méjèèjì, kí ẹ fi báírò fa ìlà síbi tí omi dé. Pẹ̀lú ooru Akọkà, bí iná bá sì ti lọ tí fáànù dúró, ẹ kò ní pẹ́ rí i: omi ife kìíní kò kúrò lójú ìlà, ti ìkejì ti kọjá á. Yìnyín orí òkun tó ń yọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé òkun sókè, ti orí ilẹ̀ ló ń gbé e. Onímọ̀ òfin ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fa ìlà náà, kì í ṣe onífísíìsì.

Ẹnì kan máa béèrè pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ariwo yìnyín orí òkun pọ̀ tó báyìí? Ìbéèrè tẹ́ ẹ ń dúró dè nìyẹn. Yìnyín funfun ń da ìtànṣán oòrùn padà sókè. Bó bá yọ́, omi dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gba ooru náà sára, yìnyín tó kù á sì tún máa yọ́ kíá.

Lẹ́yìn náà, ìṣirò. Gbogbo òkun ayé fẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 362 kìlómítà níbùú-lóròó. Láti gbé e sókè ní mìlímítà kan, omi tó jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 362 tọ́ọ̀nù la nílò. Kí gbogbo wọn ṣe ìṣirò yìí lórí bébà, láìlo kọ̀ǹpútà. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé ìjábọ̀ ọdún 2021 ti IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ka ohun tí Greenland pàdánù láti ọdún 1992 sí 2020 sí nǹkan bí bílíọ̀nù 4,890 tọ́ọ̀nù, ti Àǹtákítíìkà, ilẹ̀ yìnyín gúúsù, sì jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 2,670. Wọ́n á pín in, wọ́n á rí mìlímítà mẹ́tàlá ààbọ̀ àti méje lé díẹ̀. Ìjákulẹ̀ máa hàn lójú wọn: "Kò ju báyìí náà lọ, Prọ̀f?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fi kún un. Ìjábọ̀ kan náà sọ pé òkun gòkè ní nǹkan bí 0.20 mítà láàárín ọdún 1901 sí 2018. Omi tó móoru tó wá fẹ̀ sí i wà nínú rẹ̀, yìnyín orí òkè kéékèèké bíi ti Alps àti Alaska wà nínú rẹ̀. Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni ìyára rẹ̀, torí láti ọdún 2006 sí 2018 ó ti dé nǹkan bí mìlímítà 3.7 lọ́dún. Àti pé ohun tó kù lórí Greenland tó gbé òkun sókè ní nǹkan bíi mítà méje, ti Àǹtákítíìkà sì lé ní àádọ́ta mítà, bí gbogbo rẹ̀ bá máa yọ́; kì í ṣe ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú àwa tàbí lójú ọmọ wa, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn kí ẹnikẹ́ni má lọ máa dẹ́rù ba ará àdúgbò.

Kí àwọn onísáyẹ́ǹsì náà jókòó ka òfin. Àdéhùn Àǹtákítíìkà tí orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ní Washington lọ́jọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1959 kò gùn: abala 14 péré ni. Ẹ dúró lé abala kẹrin lórí dáadáa, èyí tó fi ọgbọ́n sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń pe ilẹ̀ náà ní tirẹ̀ mú un mọ́ra, kò gbà fún wọn, kò sì já wọn. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà lára àwọn méjìlá yẹn láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà kò tíì wọ̀ ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé orí Ìlànà Madrid ti ọdún 1991, tó ka ìwakùsà léèwọ̀, ẹ máa gbọ́ ẹni tó máa sọ pé èèwọ̀ náà máa parí lọ́dún 2048. Irọ́ ni, bó tiẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2048 ni àyè máa ṣí fún orílẹ̀-èdè tó ní ìbò láti béèrè fún ìpàdé àtúnyẹ̀wò. Èèwọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí. Ẹ ní kí wọ́n wá abala tó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Kí wọ́n sì mọ̀ pé èèyàn ń gbé Àkítíìkì, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Àkítíìkì sílẹ̀ ní Ottawa lọ́dún 1996, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, bí Inuit àti Sámi, gba àga síbi tábìlì náà. Mẹ́fà ni wọ́n lónìí. Ní Àǹtákítíìkà, kò sí onílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Dátà, kí gbogbo wọn fọwọ́ kàn án

Onímọ̀ òfin náà. Mi ò ní kó di ògbógi nínú Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà. Mo ní kó mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá.

Ibùdó NSIDC ní Boulder, Colorado, ń gbé òǹkà yìnyín orí òkun jáde lọ́fẹ̀ẹ́, láti inú ohun tí sátẹ́láìtì ti ń rí láti nǹkan bí ọdún 1979. Ẹ wá Sea Ice Index, kí ẹ gba fáìlì CSV ti oṣù kẹsàn-án fún àríwá. Kékeré ni, dátà tí kò tó ti fídíò kan ló máa jẹ. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i nínú Excel, kí wọ́n fa ìlà rẹ̀. Wọ́n á rí bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n á rí ihò ọdún 2012, nígbà tí ìpíndọ́gba oṣù náà lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 kìlómítà níbùú-lóròó. Ẹ tún gba ti gúúsù. Ìyẹn kò rìn bẹ́ẹ̀ rárá: fún ọ̀pọ̀ ọdún ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó wá já wálẹ̀ lójijì, ní ìgbà òtútù ọdún 2023 kò sì dé mílíọ̀nù 17, èyí tó kéré jù látìgbà tí wọ́n ti ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mú ìtàn kan ṣoṣo wá máa rí i pé òpin méjèèjì kì í sọ ohun kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ pàkúté fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n gba fáìlì oṣù kìíní, kí wọ́n wá ìpíndọ́gba gbogbo ọdún. Sátẹ́láìtì dákẹ́ láti oṣù kejìlá ọdún 1987 wọ oṣù kìíní ọdún 1988, nítorí náà, ẹ máa rí -9999 lórí ìlà ọdún 1988, ìyẹn ni pé dátà kò sí. Ẹni tí kò bá fojú wo fáìlì náà kó tó ṣírò á mú ìdáhùn wá tó sọ pé yìnyín ayé kò tó òdo. Mo fẹ́ràn pàkúté yìí torí pé onímọ̀ ọrọ̀ ajé ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i, àwọn onífísíìsì á wá máa wo ilẹ̀.

Ẹ óò rí òpó méjì, extent àti area. Extent ń ka gbogbo ibi tí yìnyín ti gba ó kéré tán ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Area ń ka yìnyín nìkan. Area kò ka ihò tó wà lórí góńgó àríwá gan-an tí sátẹ́láìtì kì í rí, ihò yẹn sì dín kù nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́dún 1987. Fún àfiwé ọlọ́jọ́ pípẹ́, extent ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Kí wọ́n tó bọ́ sórí àwòrán sátẹ́láìtì ńlá, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ iná. Ẹ má dáwọ́ lé dídáúnlóòdù nǹkan tó wúwo sórí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́. Google Earth Engine àti Colab ń ṣe iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn lọ́nà jíjìn, èsì nìkan ló ń bọ̀ wá bá yín. Bí NẸ́PÀ bá gbé iná lọ, iṣẹ́ tó wà lórí Earth Engine kò kú. Páwà báǹkì fún ráútà ṣe pàtàkì ju kọ̀ǹpútà tuntun lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Etíkun Èkó ni pápá yín

Ibí yìí ni ká dúró sí pẹ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé láìsí owó ọkọ̀ òfuurufú, kò sí iṣẹ́ pápá. Èmi ò gbà. Gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe ní ilẹ̀ yìnyín, bó ṣe máa wọnlẹ̀, bó ṣe máa tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, bó ṣe máa ya ohun tó fa nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè kọ́ ọ láàárín Bar Beach àti Mákókó.

Ẹ kó wọn lọ sí ẹnu Kọ́mọ́dù (Commodore Channel), ibi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun, lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ògiri òkúta síbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ojú omi lè máa ráyè wọ èbúté. Yanrìn etíkun wa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá a dúró ní apá ọ̀hún, Bar Beach tó wà ní apá ìhín nígbà yẹn kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun wá ń jẹ ẹ́. Èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ Greenland. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sórí ògiri ńlá ìgbàlódé tó wà níbẹ̀ báyìí, kí wọ́n wo ìhà ìlà-oòrùn, síbi tí àwọn ará Òkun Alfa wà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn ibi tí agbára ìgbì tí ògiri yìí dá padà ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bojú wẹ̀yìn wo ìlú. Gbogbo kọ́ńpáǹdì ló gbẹ́ bọ́ọ̀hólù. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń jáde, ilẹ̀ náà ń rì díẹ̀díẹ̀ láwọn ibì kan. Bí ilẹ̀ bá rì ní mìlímítà márùn-ún tí òkun sì gòkè ní mẹ́rin, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rí mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí a ṣe ń ka Sentinel-1, sátẹ́láìtì Yúróòpù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sókè lọ́dún 2014, tí dátà rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Sátẹ́láìtì kan náà tó ń wọn bí ilẹ̀ Èkó ṣe ń rì ló ń wọn bí yìnyín Greenland ṣe ń rọ́ lọ sínú òkun. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí Èkó, ibi tó ti lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wo bóyá ògiri ilé ti là lóòótọ́. Bó bá wá dórí gílásíà tí kò lè dé, á mọ ìgbà tí dátà ń parọ́ fún un.

Ti ìwọ̀n omi òkun fúnra rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí NIOMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun Nàìjíríà, ní Victoria Island, kí ẹ sì wo PSMSL ní Liverpool, ibi ìkópamọ́ ìwọ̀n omi òkun gbogbo ayé. Dátà tó gùn ṣọ̀wọ́n ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Takoradi ní Gánà wà lára èyí tó pẹ́ jù. Kí wọ́n fi ti sátẹ́láìtì kún un.

Ní Mákókó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ fóònù kó tó kí Baálẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan lọ ṣáájú, ẹni tó gbọ́ Ègùn bó bá ṣeé ṣe. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa mú padà wá fún wọn àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa mú un wá. Kì í ṣe àṣà tiwa nìkan: àwọn Inuit ilẹ̀ Kánádà gbé ìlànà jáde lọ́dún 2018 lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àwọn olùwádìí máa bá wọn ṣe, ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ ni pé kí àwọn náà ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ìbéèrè, lórí owó àti lórí dátà. Ẹ kà á kí ẹ tó lọ, ẹ tún un kà nígbà tẹ́ ẹ bá dé.

Ọjọ́ ọjà ẹja ní Ìjọrà ni kẹ́ ẹ fi kádìí rẹ̀. Ẹ tètè lọ, kí kóòdù-rúùmù tó kún. Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

"Ẹ kú ọjà o, Mama. Ajé á wọgbá."

"Àṣẹ o. Ṣé páálí lẹ fẹ́ àbí kílò?"

"Ìbéèrè la bá wá, Mama. Yunifásítì la ti wá."

"Ẹ ra kílò kan ná, ká wá máa sọ̀rọ̀."

Wọ́n á rà á. Mama á wá sọ fún wọn pé, "Kì í ṣe ẹja ló wọ́n, ọmọ mi, dọ́là ni." Onímọ̀ òkun tó ti mú àwòrán omi Iceland wá lápò máa dákẹ́. Kí ẹ má gbà á sílẹ̀. Kó padà délé, kó jókòó ti onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kí wọ́n kó owó páálí oṣù kọ̀ọ̀kan jọ, kí wọ́n yọ ipa dọ́là kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó kù. Ó lè jẹ́ pé ohun tó kù kò tó nǹkan. Ìyẹn náà jẹ́ èsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Òfin kan ṣoṣo: kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé iṣẹ́ ara rẹ̀. Onímọ̀ òfin ló máa ṣàlàyé gíráàfù onífísíìsì, onímọ̀ ẹja ló máa ṣàlàyé abala òfin, ẹni tó ni iṣẹ́ á dákẹ́ títí tó fi máa parí, á wá tún un ṣe. Àwọn àgbà olùkọ́ ni òfin yìí máa ń ni lára jù. Kí àwọn náà dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Orúkọ lórí ìwé

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́: ta lorúkọ rẹ̀ máa ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ wo, kí lẹni tó kó dátà jọ máa gbà, kí lẹni tó kọ kóòdù máa gbà. Nínú ẹ̀kọ́ òfin, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń kọ ìwé. Nínú sáyẹ́ǹsì òkun, èèyàn mẹ́wàá lè jọ kọ ọ́. Sùpáfáísọ̀ tí kò kọ nǹkan kan, tí kò sì ka nǹkan kan, kò ní orúkọ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìlà yẹn máa dá ìjà sílẹ̀. Kí ìjà náà ṣẹlẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Àwọn ilẹ̀kùn ìta

Kí gbogbo wọn wọ APECS, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ilẹ̀ yìnyín, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ìkéde ẹ̀kọ́ àti owó ìrànwọ́ ti ń jáde. SCAR, tó ń darí ìwádìí Àǹtákítíìkà láti ọdún 1958, ń fún àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ní owó ìkẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa orílẹ̀-èdè tó lè bèèrè fún un dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìwé. Gúúsù Áfíríkà ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn tó ní ohun èlò: wọ́n ní ibùdó SANAE IV ní Àǹtákítíìkà, wọ́n ní ọkọ̀ S.A. Agulhas II tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2012. Bí mo bá ní ọ̀rẹ́ kan péré láti wá, Cape Town ni mo máa kọ̀wé sí kí n tó kọ sí Oslo. Ẹ sì fi sọ́kàn pé Ọdún Ilẹ̀ Yìnyín Àgbáyé tó ń bọ̀ ni 2032 sí 2033. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ PhD lọ́dọ̀ yín báyìí á ti di ọ̀mọ̀wé kó tó dé.

Fún ẹni tó bá rí àyè ní UNIS, yunifásítì tó wà ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè ní Àkítíìkì, ọ̀rọ̀ fisa nìyí. Svalbard fúnra rẹ̀ kò béèrè fisa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Orí ilẹ̀ Nọ́wè gan-an ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbà dé ibẹ̀, fisa Schengen lẹ sì máa fi gba Nọ́wè kọjá. Bẹ́ ẹ bá ti wọ Svalbard, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen nìyẹn, ẹ ó tún nílò láti padà wọ̀ ọ́ kí ẹ tó lè darí sílé. Nítorí náà, fisa ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fún, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí lẹ́tà yunifásítì náà sì sọ ọ́. Ẹ tètè gba ọjọ́ ìpàdé fisa, kí ẹ má dúró de ìgbà tí owó ìrànwọ́ bá wọlé.